Ọkọ́ Inú Àmì Ìlú Wa

Àkànní ọ̀rẹ́ mi, àlá kan dè mí mọ́lẹ̀ lánàá. O mọ̀ pé èmi ni mo kun àmì ìlú sára gbọ̀ngàn wa. Pẹ́ńtà wo ló tó mi? Àgbẹ̀ ló tẹ ìlú dó, ìdí nìyẹn tí ẹkùn méjì fi gbé ọkọ́ dání. Wọ́n ní kí n kọ "Ọkọ́ ni iyì wa" sábẹ́ rẹ̀.

Lójú àlá, n kò rí ọkọ́ mọ́. Èmi ni àwọn ẹkùn dì mú, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ ògiri. Mo ní kí wọ́n tú mi sílẹ̀.

Ọ̀kan ní, "Baálé ilé, o ò fi àmì ohùn sí i. Ọkọ lo kọ, ọkọ la gbé dání."

Mo fẹ́ tún un kọ, apá mi ti di ọ̀dà gbígbẹ. Ni mo bá jí.

Má sọ ọ́ síta o: àmì orí ọkọ́ tí a fi ń roko, òkè ló kọjú sí ni àbí ilẹ̀?