Bùbá Màmá Ẹnu-Ọ̀nà

Wọ́n tú gèlè mi nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni irọ́ mi náà ti bẹ̀rẹ̀.

Oṣù mẹ́rin ni mo ti lò nílẹ̀ òkèèrè nígbà náà. Ilé ìfọṣọ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ibùsùn ọsibítù là ń fọ̀. Èmi àti obìnrin kan la jọ ń ká a: òun di etí kan mú, èmi di ìkejì, a ó pàdé láàárín, a ó tún padà sẹ́yìn. Odindi oṣù mẹ́rin, ojú rẹ̀ rèé, ojú mi rèé, kò bi mí rí pé báwo ni. Ọjọ́ Ìsinmi nìkan ni mo fi ń retí ènìyàn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́, ẹni tí mo jókòó tì gbé báàgì rẹ̀ sí apá kejì. Ní ìkejì, wọ́n rẹ́rìn-ín sí mi títí. Ìsìn parí, ẹ̀rín parí.

Ní ìkẹta, màmá àgbàlagbà kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, tín-ín-rín báyìí, fìlà òwú lórí, wọ́n ń pín ìwé orin. Wọ́n tó Màámi lọ́jọ́ orí. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. Yéè! Màmá figbe ta. Wọ́n rò pé mo dákú ni. Kí n tó ṣẹ́jú, ọkùnrin méjì ti gbé mi lápá lẹ́sẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì, ẹnì kan ń fẹ́ mi, ẹnì kan ń pe ọkọ̀ ọsibítù, màmá náà sì ń tú gèlè mi kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi lórí. Gèlè tí mo fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wé! Mo ní, “Ẹ fi mí sílẹ̀, mò ń kí yín ni!” Wọ́n ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n sinmi. Inú bí mi, ojú sì tì mí. Mo já gèlè mi gbà, mo sá jáde bí olè, tèmi ti irun tí mi ò dì. Mo búra pé ẹsẹ̀ mi ò ní tẹ ibẹ̀ mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Màámi pè. Ìbéèrè wọn kì í yí padà: “Ṣé o ti rí ṣọ́ọ̀ṣì? Bí o bá sùn tí o ò jí, ta ni yóò wá kan ilẹ̀kùn rẹ?” Ara wọn ò yá, bọ̀ọ̀dá mi sì ti sọ fún mi pé wọn kì í rí oorun sùn nítorí mi. Ṣé irú wọn ni n ó wá máa sọ ọ̀rọ̀ gèlè fún? Mo ní, “Mo ti rí i o, Màámi. Màmá kan wà níbẹ̀, Màmá Ẹnu-Ọ̀nà. Bí ọmọ ni wọ́n ṣe ń ṣe mí.” Màámi bú sẹ́kún. Wọ́n ní àwọn lè sùn báyìí.

Irọ́ dà bí àlejò tí kò mọ ilé lọ. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Màámi ń bèèrè Màmá Ẹnu-Ọ̀nà, wọ́n ń gbàdúrà fún wọn ṣáájú èmi alára. Télọ̀ ni Màámi; nígbà tó yá, wọ́n ní: “Fún mi ní ìwọ̀n wọn. Mo fẹ́ rán bùbá sí wọn, kí wọ́n mọ̀ pé o ní ìyá.” Ìwọ̀n kẹ̀! Mo dijú, mo rántí màmá tó tú gèlè mi. Mo ní, “Èjìká wọn ò fẹ̀. Ọwọ́ wọn gùn díẹ̀ ju tiyín lọ.”

Orí ibùsùn ni Màámi ti parí bùbá yẹn. Bọ̀ọ̀dá mi ní ọwọ́ ni wọ́n fi rán apá òsì, torí wọn ò lè wa ẹ̀rọ mọ́. Ọjọ́ kẹta, wọ́n kú.

Mi ò lè lọ sin wọ́n. Ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Bí mo bá jáde, wọn ò ní jẹ́ kí n wọlé mọ́. Aṣọ ọsibítù ni mò ń ká lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ìyá mi wọlẹ̀. Ẹkún mi ń kán sórí aṣọ funfun, obìnrin tó di etí kejì mú ní kí n ṣọ́ra, ká má bàa tún un fọ̀. Mo kórìíra rẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì kórìíra ara mi jù ú lọ. Irọ́ ni ìyá mi fi agbára tó kù ránṣọ fún.

Ẹnì kan tó ń bọ̀ láti ilé gbé bùbá náà wá, pẹ̀lú ìwé kékeré tí Màámi fi abẹ́rẹ́ há mọ́ ọn: “Màmá Ẹnu-Ọ̀nà, ẹ ṣé tí ẹ ń bá mi tọ́jú ọmọ mi.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń wò ó. Ní ọjọ́ Ìsinmi kẹrin, mo gbé e, mo lọ.

Màmá náà dúró síbẹ̀, fìlà òwú kan náà lórí. Bí wọ́n ṣe rí mi, ìwé orin bọ́ lọ́wọ́ wọn.

“Ìwọ rèé!” Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú. “Níbo lo wà? Mo wá ọ dé ọsibítù. Mo kan ilẹ̀kùn kiri ní òpópónà tí o sá gbà. Kò sí ọjọ́ Ìsinmi tí a ò gbàdúrà fún orúnkún rẹ.” Wọ́n nawọ́ sí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, tìmùtìmù wà lórí rẹ̀. “Tìrẹ nìyẹn. Mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni jókòó lé e.”

Orúnkún mi! Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, kí ẹkún tó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀rín. Màmá Ẹnu-Ọ̀nà wà lóòótọ́ ní gbogbo ìgbà tí mò ń purọ́ nípa wọn. Èmi ni mi ò lọ.

Mo gbé bùbá náà fún wọn. Wọ́n bọ́ kóòtù, wọ́n gbé e wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Èjìká bá wọn mu. Apá òsì tí Màámi fọwọ́ rán dé ọrùn ọwọ́ wọn gẹ́lẹ́.

Mo ní, “Ìyá mi ló rán an.”

“Pè wọ́n, kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.”

Mo ti yọ fóònù, mo ti tẹ orúkọ Màámi, ó ti ń dún kí n tó rántí. Màmá Ẹnu-Ọ̀nà dúró tì mí nínú bùbá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń retí kí Màámi gbé e.