Àǹtí Onígun Mẹ́ta

...Kí ló tiẹ̀ wà lára olùkọ́ ọmọ mi yìí gan-an? Àǹtí sọ báyìí, Àǹtí sọ tọ̀hún, bí ẹni pé èmi kọ́ ni mo bí i. Mo jókòó sórí àga àwọn ọmọdé nínú kíláàsì, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n, èmi àtàwọn òbí yòókù tí wọ́n ní kí á wá wo bí àwọn ọmọ wa ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Aṣọ nọ́ọ̀sì ti wà lọ́rùn mi, torí láti ibí, ọsibítù ló kàn. Ọmọ mi ò sì tíì bojú wẹ̀yìn.

Áà, ó wò mí o. Ó juwọ́ — ó ti tún kọjú sí Àǹtí rẹ̀.

Àǹtí Onígun Mẹ́ta. Bí mo ṣe ń pè é nínú ikùn mi nìyẹn.

Búrẹ́dì ló fà á. Mo gé búrẹ́dì fún un láàárọ̀, ó tì í sẹ́yìn. "Mọ́mì, Àǹtí ní tí ẹ bá gé e láti igun dé igun, á di onígun mẹ́ta méjì." Mo tún un gé, mo sì ju ọ̀bẹ sílẹ̀ gbàgà. Bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀: "Ṣé olùkọ́ ọmọ lo wá ń jowú báyìí?" Jowú kẹ̀. Kí ni mo fẹ́ jowú lára ẹni tí...

Àǹtí yìí rẹwà díẹ̀ ṣá. Ẹni tó ń rí oorun sùn ni, ó hàn lójú rẹ̀.

Ó ti fi ṣọ́ọ̀kì ya róbótó, onígun mẹ́ta àti onígun mẹ́rin sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, "Róbótó," gbogbo wọn ya lọ sínú róbótó, wọ́n ń ti ara wọn. Ọmọ mi wà láàárín wọn, ó ń pariwo. Ọmọ mi — ń pariwo. Nílé ńkọ́? Agbára káká la fi ń mọ̀ pé ó wà nílé. "Kí lo jẹ níléèwé?" Á dákẹ́. "Ìrẹsì, àbí?" Á mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Àǹtí ti mú àpò aṣọ kan jáde wàyí. Wọ́n á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìwò ó, wọ́n á fọwọ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀.

"Olóhùn Iyọ̀, máa bọ̀."

Ta ni Olóhùn Iyọ̀? Ọmọ mi ló dìde. Wọ́n ti sọ ọmọ mi lórúkọ, n ò gbọ́ sí i... Ó dùn mí wọra.

Ọwọ́ rẹ̀ ti wọ àpò. Ó ń fọwọ́ bà á yí ká, ó dákẹ́. Igun kan ti yọ lábẹ́ aṣọ, gbogbo wa la rí i. Kí ló dé tí obìnrin yìí ò ràn án lọ́wọ́? Ó kàn kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wò ó. Ọmọ mi ti ń fajú ro, á sunkún — sọ ọ́, ìyá mi, onígun...

Ẹnu mi ti là. Obìnrin tó jókòó tì mí yíjú sí mi.

Mo pa á dé.

Báwo ni ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tètè dé orí ahọ́n mi? Bó ṣe máa ń tètè débẹ̀ nílé náà ni. Bàtà pupa lo fẹ́, àbí? Inú ló ń run ọ́, àbí? Èmi ni mò ń béèrè, èmi náà ni mò ń dáhùn, torí ọkọ̀ ń bọ̀, torí iṣẹ́ ń dúró, torí... Obìnrin yìí ò gba ọmọ kankan lọ́wọ́ mi. Ó ń dúró dè é ni. Èmi ni mo máa ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ó ṣì dákẹ́. Ètè rẹ̀ ń mì, ó ń ka igun. Àǹtí ò mira. Èmi náà ò mira. Mo fetí sílẹ̀ — n ò tíì retí ohùn ọmọ mi báyìí rí.