Ẹran Iléyá Tó Ń Dúró De Bọ̀ọ̀dá Ràájí

Ẹ gbé bẹ́ǹṣì yín súnmọ́ mi dáadáa. Jímọ̀, pa ẹ̀rọ tó o fi ń fẹ́ táyà yẹn ná, ariwo ẹ̀ pọ̀ jù. Àlá kan wá bá mi lórí ẹní lóru àná, irú ẹ̀ ò tíì wọ Ṣakí rí. Ẹlòmíì á lá àlá bíńtín, ejò á lé e, á ta jí, á máa làágùn. Tèmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tèmi ní òrùlé, ó ní fèrèsé, ó tún ní pátákó tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ Iléyá ni, ọ̀sán gangan. Gbogbo ilé wa jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Màmá mi wà níbẹ̀. Bàbá mi tó ti kú tipẹ́ náà wà níbẹ̀, wọ́n wọ bùbá funfun, wọ́n ń fi abẹ̀bẹ̀ lé eṣinṣin. Mi ò bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe dé. Ta ló ń béèrè irú ìyẹn lọ́wọ́ bàbá ẹ̀ lọ́jọ́ ọdún? Wọ́n gbé abọ́ ẹran àgbò sáàárín wa. Abọ́ náà tóbi débi pé àwa tá a wà lápá ibí ò rí àwọn tó wà lápá ọ̀hún, a kàn ń gbọ́ ohùn ara wa ni. Ebi sì ń pa mí. Ebi ọ̀hún, tí wọ́n bá pín in fún gbogbo Òkè-Ògùn, á kárí, á tún ṣẹ́kù.

Bí mo ṣe nawọ́ báyìí, ẹran tó wà lókè pátápátá gbá mi lọ́wọ́. Paa!

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n ẹ dà?"

Mo ní, "Ìwọ ẹran yìí, èmi lò ń bá wí?"

Ó ní, "Ta ló tún wà níbí tí ọ̀fun ẹ̀ gùn tó tìẹ, Sàká? Mo ní ẹ̀gbọ́n ẹ dà? Ràájí ò tíì mú."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ ò gbé ilé wa dàgbà. Òfin Bàbá mi ni pé àkọ́bí ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Bí ebi ń pa ẹ́ kú, máa gbé itọ́ mì. Bọ̀ọ̀dá Ràájí ni àkọ́bí. Á nawọ́, á mú tiẹ̀, ìgbà yẹn làwa yòókù tó máa kówọ́ bọ̀ ọ́. Kékeré ló sì máa ń mú nígbà gbogbo, kí ńlá lè kù fún mi. Ẹ̀yin ẹ wò mí, ẹ wo apá mi. Ẹran tí Bọ̀ọ̀dá ò mú ni gbogbo eléyìí.

Ìgbà tí àìsàn ọpọlọ wá dé sí i, àwọn rédíò tó máa ń tún ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ ẹ̀. Àwa ò gbọ́ o, òun nìkan ló ń gbọ́. Ló bá di pé oúnjẹ ń bà á lẹ́rù. Ó ní wọ́n ń fi nǹkan sí i. Kò ní fọwọ́ kàn án àfi tí mo bá kọ́kọ́ jẹ ẹ́, tó wá wò mí, tó rí i pé mi ò kú. Bàbá mi náà sì láwọn ò ní í fojú àwọn rí àbúrò tó máa mú ẹran ṣáájú ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo wàhálà. Ẹ̀gbọ́n ò ní mú àfi tí mo bá jẹ, èmi ò gbọdọ̀ jẹ àfi tí ẹ̀gbọ́n bá mú. Ẹran á wà láàárín wa, ọ̀rá á máa dì lójú ẹ̀.

Nígbà tó yá, Bàbá kàn máa ń kọjú sí ògiri ni, bí ẹni ń wo alángbá, kí n lè rí àyè tọ́ ọ wò. Wọn ò sì ní yíjú padà títí màá fi gbé e mì. Alángbá kankan ò sí lára ògiri yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú àlá. Ẹran náà ní, "Tí Ràájí ò bá mú, kò sẹ́ni tó máa jẹ. Òkúta la máa dì." Lóòótọ́, àwọn tó wà nísàlẹ̀ abọ́ ti ń dì, mò ń gbọ́ ọ tí wọ́n ń ró kókó.

Màmá mi ní, "Sàká, dákun ọmọ mi, lọ pe ẹ̀gbọ́n ẹ wá kó tó tutù."

Mo wọ yàrá kí n lọ wọ bàtà, yàrá ti di sánmà. Kò burú. Kẹ̀kẹ́ tí Bọ̀ọ̀dá fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ fara ti ìkùukùu kan, ó ń dúró dè mí. Mo gùn ún. Kẹ̀kẹ́ náà lanu, ohùn Bọ̀ọ̀dá ló jáde níbẹ̀, ohùn ẹ̀ àtijọ́, èyí tó já gaara.

Ó ní, "Má wo ẹsẹ̀ ẹ. Iwájú ni kó o máa wò. Mo ti di ìjókòó mú."

Bó ṣe máa ń wí nìyẹn nígbà náà lọ́hùn-ún, tó bá ń sáré tẹ̀ lé mi lẹ́yìn. Mo wẹ̀yìn. Kò sẹ́ni tó di nǹkan kan mú. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí, mi kì í ṣubú. Mo sáré débi pé àwòdì kan yà fún mi lọ́nà, ó ní, "Ẹ rọra o, ọ̀gá."

Mo bá dé ọ́fíìsì kan tó ń fò lókè àpáta. Pátákó wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀. Èmi ò mọ̀wé, ẹ̀yin náà mọ̀, ìwé ló wo ojú mi tó lóun ò lè bá mi gbé. Pátákó yẹn mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ó wúkọ́, ó ka ara ẹ̀ fún mi: "Ilé-iṣẹ́ Àwọn Tó Jáde Tí Wọn Ò Tíì Wọlé. Ẹ nu ẹsẹ̀ yín."

Mo nu ẹsẹ̀. Ọ̀gá kan wà lẹ́yìn tábìlì, ó wọ kóòtù, ó so táì pupa.

Ó ní, "Kí lo wá ṣe?"

Mo ní, "Ẹ káàsán sà. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo wá pè. Wọ́n ń dúró dè é nídìí ẹran."

Bó ṣe gbọ́ ẹran, etí ẹ̀ gùn díẹ̀. Mo ṣe bí ẹni tí ò rí i. Ó dìde, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. "Èwo nínú wọn?"

Bọ̀ọ̀dá Ràájí ló kún inú ẹ̀. Ọ̀kan gbé ọmọ kékeré kan sí ọrùn, èmi gan-an ni ọmọ náà. Mo juwọ́ sí ara mi, mi ò dá ara mi lóhùn, mo ti ń ṣe fáàrí láti kékeré. Ọ̀kan fi súkúrúdíráfà há etí, ó tú rédíò palẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ń fẹsẹ̀ lásán rìn lọ lójú títì, ó ń bá òpó iná jà. Ọ̀kan wá ká ara ẹ̀ jọ sí ìsàlẹ̀, ẹ̀wù ẹ̀ dọ̀tí, ó gbé rédíò tí ò ní bátìrì sétí, ó ń gbọ́ ọ.

Ọ̀gá ní, "Ẹyọ kan lo lè mú."

Ẹyọ kan! Ta ni kò mọ ohun tó dáa? Mo nawọ́ sí èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Èyí tó wà nísàlẹ̀ gbójú sókè.

Ó ní, "Sàká, ṣé kí n máa bọ̀?"

Mo ní, "Ẹ dúró ná, Bọ̀ọ̀dá. Mò ń bọ̀."

"Mò ń bọ̀" yẹn ṣì ń dùn mí báyìí tí mo jókòó tì yín.

Mo gbé èyí tó ń rẹ́rìn-ín sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Kò wúwo rárá, ìyẹ́ adìyẹ wúwo jù ú lọ. Ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi délé. Ó ní, "Sàká, orí ẹ yìí, tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀ láàárín ìlú, wọ́n á kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí i lára." Mo rẹ́rìn-ín débi pé sánmà ń mì. Jímọ̀, ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi.

A débẹ̀. Màmá pariwo ayọ̀. Bàbá dìde dúró. Bọ̀ọ̀dá nawọ́ sínú abọ́, ọwọ́ ẹ̀ kọjá lára ẹran bí èéfín.

Ẹran náà ní, "Eléyìí kọ́. Eléyìí ti jẹ tiẹ̀ tipẹ́tipẹ́, ó ti yó. Ẹni tí ebi ń pa la ní kó o lọ pè."

Mo wo Bọ̀ọ̀dá. Ó fọwọ́ pa orí mi, mi ò mọ ọwọ́ ọ̀hún lára.

Ó ní, "Òótọ́ ló ń sọ. Èmi ti jẹun, Sàká. Tún padà, kó o lọ pè mí wá."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, kò sí mọ́. Ariwo wúyẹ́wúyẹ́ ló kù, bíi ti rédíò tí kò mú ibì kankan. Màmá jókòó padà.

Ìgbà tí mo padà dé ọ́fíìsì, ọ̀gá ti di òbúkọ. Táì pupa ṣì wà lọ́rùn ẹ̀. Àwọn akọ̀wé ẹ̀ ti di ewúrẹ́, wọ́n ń jẹ kọ́tìnnì. Mo ṣì kí i, nítorí ipò ẹ̀ ò yí padà.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ sà. Kí ló dé?"

Ó ní, "Mèé. Ọdún ni. A gbọ́ pé àgbò ni wọ́n ń wá kiri, a ní ká tètè di ewúrẹ́."

Mo ní ó mọ́gbọ́n dání. Mo ní ẹ̀gbọ́n mi tó kù ni mo wá mú.

Ó ní, "Ẹyọ kan ni, o sì ti mú un. Ọ́fíìsì ti pa dé."

Èmi náà! Èmi tí mo ń dá táyà tírélà bọ́ láìfi jáàkì gbé e! Mo di irùngbọ̀n ẹ̀ mú. Mo ní, "Ọ̀gá, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ni ebi ń pa nílé wa. Tí mo bá ké sí wọn báyìí, kò sẹ́ni tó máa dúró bi yín bóyá àgbò ni yín àbí òbúkọ."

Kọ́kọ́rọ́ jáde lẹ́nu ẹ̀ kíá.

Bọ̀ọ̀dá tó wà nísàlẹ̀ nìkan ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ibi tí mo fi í sí náà ló wà.

Ó ní, "O pẹ́."

Mo ní, "Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jẹ́ ká lọ jẹun."

Ó ní, "Ẹran yẹn, ṣé wọn ò fi nǹkan sí i?"

"Iyọ̀ àti ata ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Ta ló tọ́ ọ wò?"

Ẹ̀yin mọ̀ pé irọ́ kì í wọ́n mi. Ọjọ́ yẹn, ó wọ́n mi. Mo ní, "Kò tíì sẹ́ni tó tọ́ ọ wò. Ẹ̀yin là ń dúró dè."

Ó ní, "Ẹ̀rù ń bà mí, Sàká."

Mo ní ó ń ba èmi náà. Ó kọ̀, kò gun kẹ̀kẹ́. Ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn. Bí mo ṣe ń lọ, mo wẹ̀yìn, mo rí i tó gbé rédíò ẹ̀ sí abíyá, tó fi ọwọ́ kejì di ìjókòó mú.

Ẹran ti fẹ́ẹ̀ di òkúta tán nígbà tá a dé. Gbogbo ojú wà lára wa. Bọ̀ọ̀dá wo abọ́, ó wò mí. Èmi wo Bàbá. Mo rí i tí ọrùn Bàbá ti ń yí sí ògiri, síbi alángbá tí kò sí. Mo mọ̀ pé bá a tún ṣe máa ṣe é nìyẹn.

Bọ̀ọ̀dá bá nawọ́. Ó mú ẹran kan, èyí tó kéré jù. Ọrùn Bàbá dúró. Bọ̀ọ̀dá ò gbé e sẹ́nu. Ó nà án sí mi.

Ó ní, "Gé e jẹ díẹ̀."

Ẹ gbọ́ o! Òun ló mú, òfin Bàbá ò bàjẹ́. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ, ẹ̀rù ò bà á jù. Gbogbo ọdún tí Bàbá fi wo ògiri, tí ẹran fi ń dì, tí Màmá fi ń gbé abọ́ wọlé lọ tún un gbé kaná, kò sẹ́nì kan nínú wa tó ronú kan nǹkan kékeré yẹn. Bàbá kú kí ó tó yé wa. Mo gé e. Bọ̀ọ̀dá tẹjú mọ́ mi bóyá màá kú. Mi ò kú. Ó wá gbé èyí tó kù lọ sẹ́nu ẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, ó kù bíńtín...

"Mèé!"

Ewúrẹ́ Ìyá Sítù aládùúgbò wa ni, lẹ́yìn fèrèsé mi, ó ń jẹ ṣòkòtò tí mo sá. Mo dìde. Oòrùn ti ga. Màmá ti lọ sọ́jà.

Bọ̀ọ̀dá Ràájí wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó máa ń jókòó sí. Rédíò tí ò ní bátìrì wà ní itan ẹ̀. Abọ́ àkàrà tí Màmá gbé kalẹ̀ fún àwa méjèèjì wà nílẹ̀, ẹ mọ̀ pé kì í fọwọ́ kàn án tí mi ò bá tíì jẹ. Jímọ̀, ó ti mú ọ̀kan. Ó mú èyí tó kéré jù, ó dì í mú lọ́wọ́, kò gbé e sẹ́nu.

Ó ní, "O pẹ́."

Ó nà án sí mi. Àkàrà náà ti tutù. Mo jókòó tì í, mo gé e jẹ.