Líta Mẹ́ta Tó Kù

Ọkọ̀ tí kì í lọ síbì kankan ni mò ń wà jẹun. Nínú yàrá àyẹ̀wò wa, a máa ń gbé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tuntun lé orí irin rìbìtì tó ń yí. Èmi nìkan ni mo máa ń jókòó sínú rẹ̀, tí màá máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́. Kò sí ẹrù, kò sí òkè, a ó sì ti pa ẹ́síì. Iye kìlómítà tí líta epo kan bá rìn ni wọ́n ń kọ sára ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì ọkọ̀. Àwọn awakọ̀ ní a kì í sọ òótọ́. Mo ní ẹsẹ̀ wọn ló wúwo.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá wa. Àbúrò mi obìnrin ló ń fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Èmi gan-an ni mo yẹ irú ọkọ̀ náà wò. Ó pè mí lójú ọ̀nà.

“Ẹ̀gbọ́n, líta mẹ́ta péré ló kù. Ṣé kí n yà ra epo? Èrò pọ̀ nílé epo o.”

“Kìlómítà mélòó ló kù?”

“Márùndínláàádọ́ta.”

“Líta kan, kìlómítà ogún. Ọgọ́ta nìyẹn. Máa lọ, á gbé yín dé.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò?” Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Mi ò béèrè iye èèyàn tó wà nínú ọkọ̀. Àwọn márùn-ún ni. Ooru ń mú Ìyá, wọ́n tan ẹ́síì, òkè méjì sì wà lọ́nà náà, òkè tí mo mọ̀ láti kékeré. Ọkọ̀ kú nígbà tó ku kìlómítà mẹ́fà. Kí wọ́n tó rí ẹni tó máa gbé wọn, Ìyá ti lọ. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀.

Wọ́n ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi ò tíì kúrò lọ́rùn mi. Àbúrò mi ò bú mi, bẹ́ẹ̀ ká ní ó bú mi ni, ì bá sàn. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo bá a níbi tó ti ń ká aṣọ Ìyá, mo ní kó sọ ohun tí wọ́n sọ gbẹ̀yìn fún mi. Ó kọ́kọ́ kọ̀.

“Wọ́n gbọ́ ohùn yín lórí fóònù,” ó ní. “Nígbà tí ọkọ̀ dúró, wọ́n lajú. Mo ní epo ló tán. Wọ́n ní, ‘Kò lè tán. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní á gbé wa dé.’ Wọ́n wá ní a ti dé, kí n ṣílẹ̀kùn, káwọn sọ̀ kalẹ̀.”