Abọ́ Méje fún Gbayì

Ìdílé Fàsásì ní Makun ní ẹṣin kan ṣoṣo, Gbayì lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì ń fi ìfẹ́ pa á. Ohun tí Fàdìlàt sọ lójú gbogbo ilé lọ́jọ́ Àráfà tó ṣáájú Iléyá nìyẹn, ó sì bí wọn nínú. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Inú ti ń bí òun náà láti ọdún mẹ́sàn-án.

Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, tíṣà bàọ́lọ́jì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìlíṣàn. Láti oṣù mẹ́wàá sẹ́yìn ló ti ń gba ẹ̀kọ́ ìpele gíga lórí íńtánẹ́ẹ̀tì nípa ẹṣin: àìsàn rẹ̀, ìwà rẹ̀, àti bí èèyàn ṣe lè tọ́jú rẹ̀ kí ayé má ni ín lára. Àwọn olùkọ́ wà lókè òkun. Òun wà lórí àga ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹṣin, ó ń jó dátà. Ó ti wo fídíò ojú ẹṣin tí ara ń ro títí ó fi ń rí i lójú àlá. Dókítà Fóònù ni wọ́n ń pè é nínú ilé.

Àṣà wọn ni pé lọ́jọ́ Àráfà, ìyàwó ilé kọ̀ọ̀kan á gbé abọ́ àgbàdo gbígbẹ kan wá fún ẹṣin. Abọ́ ẹni ni àdúrà ẹni. Bí ẹṣin bá jẹ ti Ìyá Ṣẹ̀rífù tó fi ti Ìyá Ìdírísù sílẹ̀, ọ̀rọ̀ di ìjà nìyẹn. Ìyàwó méje ló wà nílé lọ́dún yìí, abọ́ méje ni Gbayì sì gbọ́dọ̀ jẹ. Lẹ́yìn èyí, wọn kì í fún un lómi mọ́ títí ọjọ́ kejì, kó má baà tọ̀ sójú Yídì tí olórí ilé máa ń gùn ún lọ kírun ọdún. Ẹṣin mẹ́ta ló ti kú nílé náà láàrin ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo wọn lẹ́yìn Iléyá. Wọ́n ní ayé ló pa wọ́n. Wọ́n tilẹ̀ mọ ayé ọ̀hún: Ìyá Bánkẹ́ tó ń gbé ilé kejì ni. Obìnrin yẹn ò sì mọ ìdí ẹṣin yàtọ̀ sí orí rẹ̀.

Fàdìlàt pariwo títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ fi gbẹ. "Koríko ni Ọlọ́run dá ikùn ẹṣin fún! Bí àgbàdo bá pọ̀ níbẹ̀ á wú, ẹṣin ò sì lè bì. Kò lè bì o! Ohun tó bá ti wọlé sí i nínú, ìsàlẹ̀ nìkan ló lè gbà jáde."

Àlàájì Fàsásì, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ilé, fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Obì ló ń kó lọ sókè ọya láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń jà á níyàn. "Éè ṣe òní la ti ń gun ẹṣin," ó ní. "Bàbá mi gùn ún. Bàbá tó bí i gùn ún. Fóònù wo ni wọ́n wò?"

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Hàrúnà tó ń tọ́jú ẹṣin náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Gbayì jẹ abọ́ méjèèje, ó lá ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Laago méje àárọ̀ ọdún, Fàdìlàt wọlé tọ ẹṣin lọ. Gbayì ò tíì ya ìgbẹ́ kankan láti àná. Ó ń yí ọrùn wo ìhà ara rẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ iwájú walẹ̀, ihò imú rẹ̀ sì fún pọ̀. Fàdìlàt gbé etí lé e nínú. Ikùn ẹṣin tí ara rẹ̀ dá máa ń kùn bí ìkòkò tó ń hó, ṣùgbọ́n ti Gbayì dákẹ́ rọ́rọ́. 

Ó sáré lọ sí pálọ̀ Àlàájì. Àwọn àlejò ti kún ibẹ̀, wọ́n ń ki ara wọn kú ọdún. Ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Àlàájì rí i, ó nawọ́ sí i pé kó ṣe sùúrù. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu àgbà, pàápàá lójú àlejò, nítorí náà ó dúró lórí orúnkún bẹ́ẹ̀ fún bí ogójì ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n dìde tán, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹṣin..."

"Bí a bá dé, o ó sọ ọ́." Àlàájì ti kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Wọ́n da àrán bo Gbayì, Àlàájì gùn ún, ó di Yídì. Nọ́ńbà Oyèbọ̀dé, dókítà ẹran ní Òde Rẹ́mọ, wà lórí fóònù Fàdìlàt. Ṣùgbọ́n ta ló ń pe dókítà sí ẹṣin olórí ilé láìgba àṣẹ lẹ́nu rẹ̀? "Jẹ́ kí wọ́n dé ná," ni ìyá rẹ̀ wí. "Má fọwọ́ ara ẹ fa wàhálà." Ó jókòó sórí àga ike, ó ń jẹ èékánná.

Aago mọ́kànlá lù kí wọ́n tó dé. Lẹ́nu géètì, Gbayì dúró, ó sorí kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹsẹ̀ walẹ̀.

"Ó ń júbà!" ni ariwo tó sọ. "Ó ń júbà ilé Fàsásì!" Ìyá Ṣẹ̀rífù tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹṣin. Òógùn ń hó lára Gbayì láti ọrùn dé ìdí, wọ́n ní ògo ló ń tàn bẹ́ẹ̀. Àlàájì gbé ọwọ́ méjèèjì sókè lórí rẹ̀, ó ń dáhùn kú ọdún.

Fàdìlàt ò mọ ìgbà tó já wọ àárín èrò tó di ìjánu mú. "Ẹ sọ̀ kalẹ̀! Inú ló ń run ún! Ìrora lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún, àbí ẹ ò lójú ni?"

 Kò sí ọmọ ilé tó bá Àlàájì sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. "Ṣé orí ẹ pé?" ni Àlàájì ń bi í léèrè lọ́wọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹṣin yẹ̀. Hàrúnà ló gbá Àlàájì mú. Gbayì ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú àrán rẹ̀, ó ń yí gbirigbiri nínú iyẹ̀pẹ̀. Ìgbà náà ni Fàdìlàt tó pe dókítà.

Ọ̀kadà ni Oyèbọ̀dé gbé wá. Ó ki rọ́bà gígùn bọ imú ẹṣin dé ikùn, ó gbọ́ ọ títí, ó mi orí. Ikùn ti bẹ́. Abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó jìyà mọ́ ló fún un, Gbayì sì kú kí wọ́n tó pèrun Alásárì.

Àlàájì nàka sí Fàdìlàt. "Ẹnu ẹ ló pa á. Láti àná lo ti ń sọ ikú sí i lára."

"Òótọ́ ni," ni Ìyá Ìdírísù wí. Ìyá Fàdìlàt fà á láṣọ pé, "Kúnlẹ̀, kó o bẹ Bàbá."

"N ò kúnlẹ̀! Ẹ̀yin lẹ pa á! Abọ́ méje lẹ fi pa á! Ẹ̀yin náà lẹ pa mẹ́ta tó ṣáájú, tẹ́ ẹ wá ń pe Ìyá Bánkẹ́ ní àjẹ́!" Ohùn rẹ̀ dé títì. Inú ń bí i, ìbínú náà sì ń dùn mọ́ ọn. 

Dókítà, àgbàlagbà tí kì í pariwo, ń fọ ọwọ́ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. "Ta ló kọ́kọ́ rí i pé ara ẹṣin yìí ò yá?"

"Èmi ni, sà."

"Laago mélòó?"

"Méje."

"Mọ́kànlá kọjá lo pè mí." Ó gbọn omi ọwọ́ rẹ̀ dà nù. "Ká ní mo dé laago mẹ́jọ ni, bóyá à bá rí díẹ̀ fà jáde. N ò lè búra, ṣùgbọ́n bóyá. Àwọn yìí ò mọ̀. Ìwọ tó o mọ ohun tó ò ń wò, kí lò ń ṣe láti aago méje?"

Gbogbo ilé yíjú sí i. Fàdìlàt la ẹnu, ìbínú ṣì kún inú rẹ̀ dẹ́nu, ṣùgbọ́n kò rí ẹni tí yóò dà á lé lórí mọ́.

"Mo kúnlẹ̀, sà," ló wí.