Agbe Orí Ọ̀pẹ

Gbogbo Adó ló ti gbọ́ pé Tíṣà Ayọ̀kúnlé ni yóò mú òyìnbó ẹlẹ́yẹ kiri dé Igbemo. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló sọ fún wọn. Òyìnbó ń wá ẹni tí yóò máa tọ́ka ẹyẹ lókèèrè, tí yóò sì máa dárúkọ rẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni yóò dán Tíṣà wò. Bí kò bá yege, kò tún sí iṣẹ́ mìíràn fún un. Iléèwé ti ní kó lọ sinmi. Ìdí tí wọ́n fi ní kó sinmi, kì í sọ ọ́.

Ló bá gbé aṣọ kóòtù wọ̀ lọ́sàn-án gangan, òun àti Folúkẹ́ ìyàwó rẹ̀ gba ìsọ̀ Jùbrílù lọ láti yan awò tí í fa ọ̀nà jíjìn mọ́ra. Méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan gùn bí ìbọn ọdẹ. Èkejì kúrú, ó ṣeé tì wọ inú ara rẹ̀, ó sì gba inú àpò. Tíṣà ní kúkúrú ló yẹ arìnrìn-àjò tó mọ̀wé. Bí òun bá gbé gígùn, àwọn ará oko á sá wọgbó. Ó na kúkúrú sí ọ̀pẹ kan lókèèrè, ó ní dígí rẹ̀ ṣú. Ó gba gígùn. Ìyẹn náà ṣú. Ó nu méjèèjì, ó tún gbé kúkúrú sójú. Nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín.

"Agbe rèé. Ẹ wo bó ṣe dúdú lórí ọ̀pẹ."

Folúkẹ́ gba awò náà, ó wò ó. Kedere ni. Ó rí okùn, ó rí ìfóófòó ẹmu lẹ́nu rẹ̀.

"Agbè ni, Bàbá Olúmúyìwá," ó rọra wí.

"Kí ni mo wí tẹ́lẹ̀?"

"Agbè ẹmu ni. Ẹ̀yin pè é lẹ́yẹ."

Tíṣà tó ti na ọmọ púpọ̀ nítorí àmì ohùn kan ṣoṣo gba awò náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dá a padà fún Jùbrílù.

Jùbrílù ti ń fi aṣọ wé awò méjèèjì. "Àwọn awò yìí ló ti bàjẹ́, Tíṣà. Ẹ má bínú."

Irọ́ náà ì bá dùn mọ́ Tíṣà, àmọ́ àánú wà nínú ohùn tí Jùbrílù fi pa á, etí Tíṣà kò sì tíì ní àrùn kankan.

Lọ́nà ilé, Folúkẹ́ bèèrè ohun tí àwọn yóò wí fún òyìnbó. Tíṣà ní kó wí pé òun ti rìnrìn-àjò. Lẹ́yìn náà, ọkùnrin tí kì í jẹ́ kí ìyàwó ṣíwájú òun ní títì di etí ìró Folúkẹ́ mú.

"Máa lọ níwájú," ó wí. "Mò ń bọ̀."