Omi Ọkọ Aránṣọ

Oòrùn ń mú ganrínganrín, síbẹ̀ súwẹ́tà ni aránṣọ wọ̀ jókòó sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mélòó kan tí òtútù ti ń mú un bí ẹni tí òjò pa. Ohùn rẹ̀ ti ki, ojú rẹ̀ wú, oorun sì ń kùn ún tọ̀sán-tòru. Àwọn oníbàárà ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ọjọ́ ogbó ló ti ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, títí ọjọ́ tó sùn lọ sórí aṣọ ìyàwó tó ń rán, tí abẹ́rẹ́ gún un nínú ìka. Ìyẹn ló gbé e dé ilé ìwòsàn.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, ó fi ìka tọ́ka sí ìsàlẹ̀ gògóńgò ara rẹ̀.

"Màmá, ẹ̀yà ara kékeré kan wà níbí tí wọ́n ń pè ní táírọ́ìdì. Òun ló ń sọ fún gbogbo ara pé kó múra síṣẹ́. Tiyín ti ń ṣọ̀lẹ. Oògùn wà fún un, ẹ ó máa lò ó láràárọ̀." Ó kọ oògùn tán, ó wá béèrè pé, "Omi wo lẹ ń mu nílé?"

"Omi kànga ẹ̀rọ tí ọkọ mi gbẹ́ kó tó kú. Gbogbo àdúgbò ló ń pọn ọ́n."

"Ṣé eyín àwọn ọmọ tó ń mu ún mọ́ dáadáa?"

Àwọn ìbejì ilé kejì ló sọ sí aránṣọ lọ́kàn. Eyín wọn ní àmì funfun bí ẹfun àti àbàwọ́n pupa rúsúrúsú, gbogbo èèyàn sì ń sọ pé súìtì ni wọ́n ń jẹ jù.

Dókítà ṣàlàyé pé omi abẹ́ àpáta mìíràn máa ń ní fúlóráìdì, èròjà tó máa ń wà nínú ọṣẹ ìfọyín. Díẹ̀ rẹ̀ ń ran eyín lọ́wọ́. Bó bá pọ̀ jù, ó ń ba eyín ọmọdé àti eegun jẹ́. Àwọn onímọ̀ kan tún ń fura pé ó lè fa ọwọ́ táírọ́ìdì sẹ́yìn, àwọn mìíràn ní àwọn ò rí i bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká yẹ omi náà wò ná. Ẹ má páyà."

Ta ni kò ní páyà? Ó rọ omi náà sínú ìgò, ó gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò omi, ó padà wá jókòó sójú fèrèsé. Àwọn ọmọ kó kẹ́ẹ̀gì dé. Ìyá Ìbejì ṣí ẹ̀rọ, ó bu omi sọ́wọ́ mu, ó ké bó ṣe máa ń ké pé, "Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere o!" Bí aránṣọ bá sọ̀rọ̀, tí omi wá dára ńkọ́? Bó bá dákẹ́, tí kò dára ńkọ́? Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó pa ẹ̀rọ omi, ó ní ó ti bàjẹ́.

Àmọ́ Àǹtí, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, kì í ṣe ẹni tó ń gba àwáwí. Mẹkáníìkì ló mú wá. Ọkùnrin náà tú ẹ̀rọ, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó nu ọwọ́.

"Màmá, ara ẹ̀rọ yìí le ju tèmi lọ. Wọ́n kàn pa á ni."

Àǹtí yíjú sí aránṣọ. "Ìyàwó, kí ló dé? Ṣé o ti wá ń fi omi àbúrò mi du àwọn èèyàn ni?"

"Ẹ má bínú, mà." Ló bá rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

"Ohun tí ò ń sọ ni pé májèlé ni ọmọ ìyá mi gbẹ́ fún àdúgbò?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Mi ò tíì mọ ohun tí mo lè sọ."

Àǹtí bínú jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn, aránṣọ á dìde fùú, á rò pé èsì ló dé.

Èsì sì dé: fúlóráìdì inú omi náà ju bó ṣe yẹ lọ fíìfíì. Ó mú un lọ bá Àǹtí. Àǹtí wò ó títí, omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Àbúrò mi ò mọ̀, àbí?"

"Ta ni ì bá mọ̀, mà? Omi tó mọ́ gaara."

Àwọn méjèèjì jọ dúró nídìí ẹ̀rọ omi lọ́jọ́ náà. Àǹtí ló sọ ọ́ fún àdúgbò: kí wọ́n máa fi fọṣọ, kí wọ́n má mu ún mọ́, kí wọ́n má sì fi dáná. Àwọn kan kùn, àwọn kan dúpẹ́. Ìyá Ìbejì fa àwọn ọmọ rẹ̀ mọ́ra.

"Eyín wọn ńkọ́? Ṣé ó máa padà bọ̀ sípò?"

Aránṣọ ní dókítà ti sọ pé àbàwọ́n náà kò ní lọ fúnra rẹ̀, àfi kí dókítà eyín bá wọn bò ó. Ìyá Ìbejì gbé kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ lófìfo, kò sì kí aránṣọ fún ìgbà pípẹ́.

Oògùn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Wíwú ojú aránṣọ lọ sílẹ̀, oorun dẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àǹtí yọjú, ó jókòó sétí àga.

"Ìyàwó, ibo ni wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ yẹn wò? Èmi náà ti ń mu ún tipẹ́."

Wọ́n jọ lọ. Táírọ́ìdì Àǹtí dá ṣáká. Aránṣọ bá a yọ̀ dénú, ó wá yíjú sí dókítà.

"Dókítà, omi kan náà la jọ mu. Kí ló wá ṣe èmi?"

"Màmá, ó lè jẹ́ omi, ó lè má jẹ́ omi. Mi ò ní parọ́ fún yín. Mi ò mọ̀."

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ nílé, Àǹtí ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Aránṣọ ò gbọ́. Àwọn ọmọ àdúgbò ló ń rò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wo ìyá ta ni òun máa kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀ pé kó mú ọmọ rẹ̀ lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀.